Tàdáwà Ọlọ́run: Àmì Ara Lójú Ẹwà, Ìgbàgbọ́ àti Ìṣègùn ní Ìlú Sókótó

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ní í ro ọmọ. Òwe yìí kò mọ sí orí ènìyàn nìkan. Orúkọ tí àwùjọ bá fún nǹkan ni ó máa ń sọ ojú tí wọn yóò fi wò ó, ọwọ́ tí wọn yóò fi mú un, àti ìgbà tí wọn yóò kà á sí ewu. Ohun kékeré kan ni a fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Ohun náà ni àmì dúdú róbótó tí ó máa ń wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ètè, ní ọrùn, ní ẹ̀yìn tàbí ní àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn.

Ní ìlú Sókótó, níbi tí èdè Hausa ti jẹ́ èdè ọjà àti èdè ilé, tawadar Allah ni wọ́n ń pe irú àmì yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ‘tàdáwà Ọlọ́run’. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń gbé ìlú náà kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó gbọ́ ọ yé, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú èdè tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá gbà pé Ọlọ́run ni ó fi tàdáwà kán an sí òun lára kò ní í fẹ́ fi abẹ pa á rẹ́. Èyí dára púpọ̀, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn àmì wọ̀nyí kò lè pa ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà lè mú kí ènìyàn sùn lọ nígbà tí àmì náà bá ń yí padà sí ohun mìíràn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ àmì ara kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ọ̀rọ̀ èdè ni pẹ̀lú, ó sì kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè.

2.0 Orúkọ Àmì Ara ní Èdè Yorùbá àti Èdè Hausa

2.1 ‘Àmì’ nínú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá máa ń lò jù ni ‘àmì’. Ọ̀rọ̀ yìí fẹ̀ púpọ̀. Àmì ohùn ni à ń fi sí orí fáwẹ́lì. Àmì ìdánimọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fi kọ́ ọrùn. Àmì àìsàn ni ohun tí dókítà ń bèèrè lọ́wọ́ aláìsàn kí ó tó mọ ohun tí ń ṣe é. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ìlera bá bi àgbàlagbà kan léèrè pé, ‘Mọ̀ọ́mọ́, ṣé ẹ ní àmì kankan lára?’, ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ nípa ibà tí ó ń ṣe é tàbí nípa ilà ojú rẹ̀. Ó lè má rántí kókó dúdú tí ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rárá.

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí a ń rí lára o. Ilà ni èyí tí olóólà fi abẹ kọ. Àpá ni èyí tí ọgbẹ́ fi sílẹ̀. Àbàwọ́n ni èyí tí ó ba ẹwà jẹ́. Àmì àbínibí ni èyí tí a bí mọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n àmì àbínibí pàápàá kò bá ohun tí à ń sọ mu tán, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àmì dúdú yìí kì í bá ọmọ wáyé. Ìgbà èwe àti ìgbà ọ̀dọ́ ni wọ́n máa ń yọ. A sì máa ń gbọ́ ‘àmì tàdáwà’ lẹ́nu àwọn mìíràn, èyí tí ó sún mọ́ ti Hausa pẹ́kípẹ́kí.

2.2 Ìrìn àjò ọ̀rọ̀ ‘tàdáwà’

Ọ̀rọ̀ àyálò ni tàdáwà nínú èdè Yorùbá. Ọwọ́ Hausa ni a ti yá a. Tawada ni tiwọn, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ mọ́ dawāt ti èdè Lárúbáwá, tí í ṣe ìkòkò tí a ń rọ tàdáwà sí. Ọ̀nà ilé kéwú ni ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, òun àti wàláà tí a ń kọ ọ́ sí àti kálàmù tí a fi ń kọ ọ́.

Kò yẹ kí ó yani lẹ́nu pé irú orúkọ báyìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Sókótó. Ìlú tàdáwà ni ìlú náà láti ìpìlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun jìháàdì tí Shehu Usman ɗan Fodiyo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1804, Muhammadu Bello, ọmọ rẹ̀, tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1809. Bàbá, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni wọ́n jẹ́ òǹkọ̀wé. Nana Asma’u, ọmọbìnrin Shehu, tí ó gbé ayé láti 1793 sí 1864, kọ ewì ní èdè Lárúbáwá, Fulfulde àti Hausa. Títí di òní, ọmọdé tí ó ń lọ sí ilé kéwú ní Sókótó ń fi tàdáwà kọ wàláà, a sì máa fọ̀ ọ́ nù bí ó bá ti mọ̀ ọ́n sórí. Àwọn kan a máa bu omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ fún aláìsàn mu. Èyí ni Yorùbá ń pè ní hàǹtú. Ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, tàdáwà kì í ṣe ohun ìkọ̀wé lásán. Ohun tí ó ní ọ̀wọ̀ ni. Bí a bá wá rí ẹ̀kán dúdú kan lára ọmọ tuntun, ó bá ojú ayé wọn mu láti sọ pé Ẹlẹ́dàá ni ó fi kálàmù rẹ̀ kàn án níbẹ̀.

3.0 Àmì Ara Gẹ́gẹ́ bí Ẹwà

Bí àmì yìí bá bọ́ sí ojú, pàápàá ní ẹ̀gbẹ́ ètè tàbí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń kà á sí ẹwà. Àwọn tí a kò bí i mọ́ a sì máa wá a. Ní ìhà Sókótó, a ń rí àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n fín àmì wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, sí iwájú orí tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Kwalli, tí àwa ń pè ní tìróò, wà fún ẹyinjú, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi kán àmì kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nígbà ìyàwó tàbí nígbà ọdún. Lalle, èyí tí a yá wọ inú èdè wa ní làálì, ni ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Àwọn Yorùbá náà kò gbẹ́yìn. Ṣáájú kí làálì tó gbòde, bùjé ni àwọn ọmọge fi ń ya ara. Omi èso rẹ̀ a máa dúdú lára fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó parẹ́, ìdí sì nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń sọ pé oge bùjé kì í pé isán. Èyí tí kì í parẹ́ ni ara fínfín àti kóló, tí àwọn olóólà ń ṣe. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹwà ọjọ́ mẹ́sàn-án àti ẹwà títí ayé kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1600 sí 1800, àwọn ọlọ́lá a máa gé aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tàbí sílíìkì dúdú róbótó, wọn a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú. Mouche ni àwọn Faransé ń pè é, èyí tí í ṣe eṣinṣin. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n ń fi wá. Ṣọ̀pọ̀ná ti ba ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́, aṣọ dúdú yìí ni wọ́n sì fi ń bo àpá rẹ̀. Ní ọ̀rúndún ogún, àmì tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Marilyn Monroe, òṣèré fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ irú àmì bẹ́ẹ̀ di ohun tí àwọn obìnrin káàkiri ayé ń fi pẹ́ńsù yà sí ojú wọn.

Ó yẹ kí a ya ohun kan sọ́tọ̀ níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà dúdú ni ó ní kókó dúdú wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ojú. Wọn kì í ṣe àmì tàdáwà bí a tilẹ̀ ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Aldo Castellani, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ṣe àpèjúwe wọn ní ọdún 1925, ó sì sọ wọ́n ní dermatosis papulosa nigra. Wọ́n máa ń rìn nínú ẹbí, wọ́n pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, wọ́n sì máa ń pọ̀ sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Wọn kì í di àrùn jẹjẹrẹ. Ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kún fún wọn kò ní ohun tí ó ń bẹ̀rù, àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un pé kí ó wá fi abẹ gé wọn.

4.0 Àmì Ara Nínú Ìgbàgbọ́

Ìgbàgbọ́ Yorùbá ni pé ara ọmọ tuntun a máa sọ̀rọ̀. Nígbà àkọsẹ̀jayé, bí babaláwo ṣe ń bi Ifá léèrè irú ayé tí ọmọ náà wá gbé, àwọn ìyá àgbà ń yẹ orí, ìka àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Inú àyẹ̀wò báyìí ni àwọn kan nínú àwọn orúkọ àmútọ̀runwá ti jáde. Dàda ni ọmọ tí irun rẹ̀ ta kókó. Olúgbódi ni ọmọ tí ó ní ìka mẹ́fà. Òjó àti Àìná ni àwọn tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn wáyé. Ó yẹ fún àkíyèsí pé àmì dúdú kò sí lára àwọn ohun tí ń fún ọmọ ní orúkọ nínú àwọn orúkọ àmútọ̀runwá tí a mọ̀ dunjú. Bóyá nítorí pé ó wọ́pọ̀ jù ni.

Síbẹ̀, ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí bàbá àgbà bá kú tí a sì bí ọmọkùnrin tẹ̀ lé e, Bàbátúndé ni yóò jẹ́. Bí ọmọ náà bá tún ní àmì ní ibi tí bàbá náà ní in, a jẹ́ pé ẹ̀rí ti pé lójú ẹbí. Ti àbíkú le ju èyí lọ. Láyé àtijọ́, wọn a máa fi ìpalára sàmì sí òkú àbíkú kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Bí ọmọ tí ó tẹ̀ lé e bá ní àmì kan lára, ìyá rẹ̀ a gbà pé ẹni àná ni ó dé, orúkọ bíi Málọmọ́, Kòkúmọ́ àti Dúrójayé a sì tẹ̀ lé e. Ewì tí Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark kọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ ‘Abiku’, ti sọ irú ọgbẹ́ yìí di ohun tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ mọ̀. Lónìí a mọ̀ pé àrùn ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní síkù sẹ̀ẹ̀lì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òbí léraléra. Àmì ara ọmọ kejì kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí ni ó ń sọ ọ́.

Ní Sókótó, ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ó borí. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ láti inú hadíìsì pé èdìdì ànábì wà láàárín èjìká Ànábì Muhammad, ẹran ara tí ó ga díẹ̀ sókè. Ẹni tí ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti kékeré kò ní í fi ojú ẹ̀gàn wo àmì ara. Ní ilẹ̀ Íńdíà ẹ̀wẹ̀, àwọn ìyá a máa fi tìróò kán àmì dúdú sí ojú ọmọ kí ojú burúkú má bàa mú un. Wọ́n gbà pé bí ọmọ bá ní àbùkù kékeré, ìlara kò ní í jà á.

Àmì ara tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Òun ni à ń fi mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé nígbà tí ojú wọn bá jọra jù. Nínú fíìmù àti ìtàn àròsọ Yorùbá, ọmọ tí ó sọnù láti kékeré a máa padà bá ìyá rẹ̀ nípa àmì tí ó wà ní èjìká tàbí ní itan. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dúró lórí ìgbàgbọ́ kan ṣoṣo: pé àmì kì í yí padà. Ìgbàgbọ́ yìí gan-an ni ìṣègùn fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lé lórí.

5.0 Ohun tí Ìṣègùn Mọ̀

5.1 Ohun tí àmì náà jẹ́

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú awọ ara tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti pèsè mẹ́lánìn, èyí tí ń fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n tàn ká ara déédéé. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ sí ojú kan, àmì dúdú a yọ níbẹ̀. Nǹkan bí ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń bí pẹ̀lú irú àmì bẹ́ẹ̀. Ìyókù a máa yọ ní ìgbà èwe títí di ìgbà tí ènìyàn fi dàgbà tán. Láàárín àwọn aláwọ̀ funfun, ó wọ́pọ̀ kí àgbàlagbà ní mẹ́wàá sí ogójì. Tiwa kì í tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè dúdú sí i tàbí kí wọ́n tóbi díẹ̀ nígbà ìbàlágà àti nígbà oyún láìjẹ́ pé aburú kan wà níbẹ̀.

5.2 Èyí tí ó léwu

Àrùn jẹjẹrẹ tí ó máa ń ti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí jáde ni mẹlanóòmà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń mú aláwọ̀ funfun ju aláwọ̀ dúdú lọ ní ìlọ́po tí ó ju ogún lọ. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan pàápàá, gbà pé kò kàn wá. Ó kàn wá. Ibi tí ó ti ń mú wa ni ó yàtọ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ó sábà máa ń fi ṣe ibùgbé, àkọsílẹ̀ láti àwọn ilé ìwòsàn Nàìjíríà sì fi hàn léraléra pé ẹsẹ̀ ni ó gba iwájú. Oòrùn kọ́ ni ó ń fa irú èyí. Nítorí náà, ojú tí gbogbo ayé ń wò kọ́ ni ewu wà. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wò ni.

Àpẹẹrẹ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò tètè mọ̀ ni ti Bob Marley, olórin ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà. Wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù tí ó ń gbá ni ó fa ọgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ èékánná ọmọńlá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1977 ni àyẹ̀wò fi hàn pé mẹlanóòmà ni. Àwọn dókítà gbà á ní ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gé ọmọńlá ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gbà, nítorí ẹ̀sìn Rásítá tí ó ń ṣe. Àrùn náà tàn ká ara rẹ̀, ó sì kú ní ìlú Miami ní ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún ọdún 1981. Ọmọ ọdún 36 ni.

Ní Sókótó àti ní àyíká rẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó lè bo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń rìn ní ẹsẹ̀ lásán yóò sọ pé ẹ̀gún ni. Nígbà tí sòbìà ṣì wà, kí àjọ ìlera àgbáyé tó fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé ó ti tán ní Nàìjíríà, òun ni à bá kọ́kọ́ fura sí. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà yóò sọ pé ṣúgà ni. Ẹlòmíràn yóò sọ pé ó ṣẹsẹ̀ tẹ oògùn. Bí ọgbẹ́ náà bá wá jẹ́ àmì dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tàdáwà Ọlọ́run ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá Ọlọ́run dù ú. Ìgbà tí kókó bá ti yọ sí ìdí itan ni aláìsàn tó ń dé ilé ìwòsàn. Nígbà náà ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àmì.

5.3 Ọ̀rọ̀ abẹ

Àṣìṣe kejì ni ti àwọn tí ń fẹ́ yọ àmì tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wanzami ni ó ń ṣe iṣẹ́ olóólà àti ti gbàjámọ̀ pọ̀ láàárín àwọn Hausa. Òun ni ó ń dá abẹ́, òun ni ó ń kọ ilà, òun ni ó ń fa ìwo fún ẹ̀jẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ni à ń gbà jẹun, a kò sì bu iṣẹ́ náà kù. Ṣùgbọ́n abẹ tí a fi gé ẹni kan tí a kò sè kí a tó fi gé ẹlòmíràn lè kó àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò Éèdì ranni. Bákan náà ni awọ àwa aláwọ̀ dúdú máa ń tètè hu àpá tí ń wú sókè gàdàgbà, tí yóò tóbi ju àmì tí a gé lọ. Ẹni tí ó fi ọṣẹ tàbí ìpara ìbóra pa àwọ̀ ara rẹ̀ dà yóò rí i pé àmì náà túbọ̀ hàn ketekete, yóò sì wá fẹ́ fi oje tàbí kẹ́míkà jó o. Èyí ni wọ́n ń pè ní kí a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹran ara tí wanzami gé, ilẹ̀ ni ó ń jù ú sí. Ní ilé ìwòsàn ńlá, bí irú èyí tí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní ní Sókótó, ohun tí a gé ni a ń fi sábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi kí a lè mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Ẹran tí a jù nù kò lè sọ̀rọ̀.

5.4 Ti àwọn àfín

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn àfín, tí Hausa ń pè ní zabiya. Mẹ́lánìn ti wọ́n kéré púpọ̀, oòrùn Sókótó tí ó máa ń kọjá ìwọ̀n 40 ní orí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì ní oṣù kẹrin sì ń jó wọn lára gan-an. Tiwọn ni oòrùn ń fà, irú àrùn jẹjẹrẹ tí ó ń mú wọn sì yàtọ̀. Orí, ojú, etí àti ọrùn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí egbò tí kò jinná. Fìlà fífẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti ìtọ́jú egbò ní kíá ni ààbò wọn.

6.0 Iṣẹ́ tí ó Kan Onímọ̀ Èdè

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ṣe ìlànà kan láti ọdún 1985, tí wọ́n fi lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì tò, kí ẹnikẹ́ni lè yẹ àmì ara rẹ̀ wò. Lẹ́tà mẹ́rin ni ní ìbẹ̀rẹ̀, A títí dé D. Wọ́n fi E kún un ní ọdún 2004. Bí a bá kàn gbé e wọ inú èdè Yorùbá bẹ́ẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́. Àwa kò ní C nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ọ̀rọ̀ tí ó sì rọ̀ mọ́ lẹ́tà ní èdè kan kì í bá a dé èdè kejì. Ohun tí a dábàá ni kí a to tiwa báyìí:

A – Àìdọ́gba: bí a bá fi ojú inú là á sí méjì, apá kan kò jọ èkejì.
B – Bèbè: etí rẹ̀ rí jágajàga, kò dán róbótó.
D – Dídàpọ̀ àwọ̀: dúdú, pupa, eérú tàbí funfun wà pọ̀ lára àmì kan ṣoṣo.
F – Fífẹ̀: ó fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, ìyẹn ni ìdí rọ́bà tí ó wà lórí pẹ́ńsù.
Y – Yíyípadà: ó ń tóbi, ó ń ga, ó ń yún ni, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ó di egbò tí kò jinná.

Y ni ó kẹ́yìn nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ìlànà yìí. Kí a sì fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kún un fún àwọn ènìyàn tiwa: àmì dúdú tuntun ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, àti ìlà dúdú lábẹ́ èékánná kan ṣoṣo tí ó ń fẹ̀ sí i tàbí tí dúdú rẹ̀ ti tàn dé awọ ìdí èékánná. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò yí padà lábẹ́ èékánná púpọ̀ wọ́pọ̀ láàárín wa, kò sì yẹ kí ó dẹ́rù bani.

Ìdábàá wa kejì jẹ mọ́ èdè-ìperí. Àwọn aṣáájú wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí èyí. Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní ọdún 1984. Apá kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní ọdún 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni àwọn ìwé náà dá lé. Ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ awọ ara ènìyàn. A dábàá pé kí ‘àmì tàdáwà’ dúró fún àmì dúdú tí à ń sọ, yálà a bí i mọ́ni tàbí ó yọ lẹ́yìn ọ̀la. Kí ‘àmì àbínibí’ dúró fún èyí tí a bí mọ́ni nìkan. Kí ‘àmì àìsàn’ sì máa jẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá wá bèèrè pé, ‘Mọ̀ọ́mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ ní àmì tàdáwà ní àtẹ́lẹsẹ̀?’, ìbéèrè náà ti ní ojú kan. Àǹfààní mìíràn ni pé Yorùbá àti Hausa tí wọ́n jọ ń gbé Sókótó yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn.

Ìdábàá kẹta ni ti bí a ó ṣe sọ ọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ sí àárín àwọn ènìyàn kí ó máa sọ fún wọn pé tàdáwà Ọlọ́run kì í ṣe ti Ọlọ́run. Wọn kò ní í gbọ́ tirẹ̀, kò sì sí ìdí fún un. Inú orúkọ náà gan-an ni ìkìlọ̀ wà. Gbogbo ẹni tí ó ti jókòó ti wàláà rí ni ó mọ̀ pé tàdáwà tí a fi kọ̀wé kì í rìn. Ibi tí kálàmù fi í sí ni yóò wà. Bí lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn tí ó sì ń tàn ká, ọmọ kéwú mọ̀ pé nǹkan ti kán sí i, yóò sì gbé e tọ ààfáà lọ. Ìkìlọ̀ tí ẹni gbogbo lè gbé lọ sílé ni pé tàdáwà Ọlọ́run kì í rìn. Èyí tí ó bá ń rìn lára àgbàlagbà, kí a gbé e tọ dókítà lọ.

7.0 Ìkádìí

A ti fi hàn pé àmì kékeré yìí jẹ́ ẹwà lójú ẹlẹ́wà, ẹ̀rí lójú ẹbí, àti iṣẹ́ Ọlọ́run lójú onígbàgbọ́. Kò sí èyí tí ìṣègùn fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí ó fẹ́ ni kí a máa yí àtẹ́lẹsẹ̀ wa sókè wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ọkọ bá aya wò, kí ọmọ bá ìyá àgbà tí kò lè tẹ̀ mọ́ wò. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Mẹlanóòmà tí a rí nígbà tí ó ṣì tín-ín-rín ni abẹ dókítà lè gé kúrò pátápátá.

Àwa olùkọ́ èdè mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ pé àmì tí ó yí padà ń yí ìtumọ̀ padà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ̀kọ̀ níbi tí ó yẹ kí ó kọ ọkọ́ ti sọ ohun mìíràn, a kì í sì í fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láìfi gègé pupa yí i ká. Kí a fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ara wa àti ti àwọn àgbà tí ń bẹ nílé.